Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn Louisville: Ìlú Tó Kún fún Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Tí Kò Ní Ẹgbẹ́ NBA

Ní oṣù kẹfà ọdún 1976, àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́ nínú líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ méjèèjì tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìyẹn NBA tó ti fìdí múlẹ̀ àti ABA tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún mẹ́sàn-án, pàdé ní ilé ìtura kan ní Hyannis, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti parí ìfigagbága tó ti ń jẹ àpò àwọn méjèèjì run. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló ṣẹ́kù sínú ABA. NBA gba mẹ́rin wọlé: Denver Nuggets, Indiana Pacers, New York Nets àti San Antonio Spurs. Àwọn méjì tó kù síta ni Spirits of St. Louis àti Kentucky Colonels ti ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ọdún kan péré ṣáájú ìpàdé yìí ni Colonels gba ife-ẹ̀yẹ ABA, Indiana Pacers tí wọ́n gbà wọlé yìí gan-an ni wọ́n sì lù ní àṣekágbá. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Louisville kò tíì ní ẹgbẹ́ NBA.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ Louisville ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí bóyá agbègbè tó ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fún bọ́ọ̀lù yunifásítì lè gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé kò lè ṣeé ṣe, pé ìfẹ́ tí àwọn ará Kentucky ní sí yunifásítì wọn kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ẹlòmíràn. Mo ti yẹ ìtàn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ wà, owó díẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé jù, èyí sì yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

Àwọn tó wà ní òkèèrè mọ Kentucky mọ́ ẹṣin, nítorí ìdíje Kentucky Derby tí wọ́n ti ń sá ní pápá Churchill Downs láti ọdún 1875. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lóṣù karùn-ún ni ti ẹṣin. Gbogbo ìgbà òtútù ni ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní Lexington, tí kò ju ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ láti Louisville, Adolph Rupp ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Kentucky láti 1930 títí di 1972. Ó borí nínú eré 876, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn tó tẹ̀ lé e gba mẹ́rin mìíràn, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti 2012. Ní Louisville fúnra rẹ̀, yunifásítì ìlú náà gba ife lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Denny Crum ní 1980 àti 1986. Ó tún gba ti 2013 lábẹ́ Rick Pitino, ṣùgbọ́n NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, wọ́gi lé ìyẹn ní 2018. Aláwọ̀ búlúù ni ti Lexington, aláwọ̀ pupa ni ti Louisville, àwọn méjèèjì kì í sì í rí ara wọn sójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù rárá, àfi ìgbà tí ìdíje orílẹ̀-èdè bá kó wọn pọ̀. Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1983 ní Knoxville, tí Louisville fi borí pẹ̀lú ayò 80 sí 68 lẹ́yìn àfikún àsìkò. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n tó gbà láti máa pàdé lọ́dọọdún.

Ìpín sí méjì yìí ṣe kókó, nítorí òun ló jẹ́ kí a mọ ohun tí Colonels rí ṣe. Louisville wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n dá ABA sílẹ̀ ní 1967, ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò sì rọrùn. Wes Unseld, ọmọ bíbí Louisville tó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ìlú rẹ̀, parí ní 1968. Colonels fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Baltimore Bullets ti NBA ló bá lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Colonels gba Penny Ann Early sínú ẹgbẹ́, obìnrin agẹṣin-sáré tí àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti bá díje ní Churchill Downs. Ó wọ pápá, ó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ìlà, wọ́n yọ ọ́ jáde, èrò ìwòran sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí a bá fi ti ìtàn eré ìdárayá obìnrin wò ó, ohun ńlá ni. Bí a bá fi ti ọjà wò ó, ẹgbẹ́ tó ń wá ọ̀nà tí ojú yóò fi kúrò lára yunifásítì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni, nítorí kò sí ìgbà kan tí Rupp nílò ẹlẹ́ṣin kó tó lè ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yí ọwọ́ ìtàn padà ni àwọn tí wọ́n kó jọ. Louie Dampier, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Rupp, wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó sì lo gbogbo ọdún mẹ́sàn-án ABA lọ́dọ̀ Colonels láìlọ síbì kankan. Ní 1970, Dan Issel, òun náà ọmọ ọwọ́ Rupp, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n kó kúrò ní gbọ̀ngàn kékeré tó wà ní àárín ìlú, tí wọ́n lọ sí Freedom Hall, gbọ̀ngàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní pápá ìpàtẹ, níbi tí Yunifásítì Louisville ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1971, Artis Gilmore dé, ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì méjì. Ní sáà 1971 sí 1972 wọ́n borí nínú eré 68, wọ́n sì pàdánù 16 péré, kí New York Nets tó lé wọn dànù ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1971 àti 1973, wọ́n sì pàdánù méjèèjì ní eré keje. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Hubie Brown, wọ́n gba ife nínú Freedom Hall, Gilmore sì já bọ́ọ̀lù tó ta padà gbà nígbà 31 lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú èyí. Àwọn akọni Lexington ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé Louisville. Ẹni tó ń wọ búlúù àti ẹni tó ń wọ pupa lè jókòó lórí ìjókòó kan náà kí wọ́n jọ pariwo fún Issel. N kò mọ ohun mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà, yàtọ̀ sí ẹṣin, tó tún lè kó wọn jọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àwọn tó ń wí pé ìfẹ́ yunifásítì ló pa ẹgbẹ́ náà kò wo Colonels dáadáa: ìfẹ́ yunifásítì gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà láti 1973 ni John Y. Brown Kékeré, ọkùnrin tí òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ra iṣẹ́ adìyẹ díndín KFC lọ́wọ́ Colonel Sanders ní 1964, tó sì tà á ní 1971. Ìyàwó rẹ̀, Ellie, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́, obìnrin ni gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ife, Brown pe Golden State Warriors, tó gba ife NBA lọ́dún náà, níjà pé kí wọ́n wá gbá a kí ẹni tó bá borí kó mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ; wọn kò dá a lóhùn. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ta Issel nítorí owó. Inú àwọn alátìlẹ́yìn bàjẹ́ gidigidi, wọ́n sì jàre.

Ọ̀rọ̀ di ti Hyannis. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó wọlé san mílíọ̀nù 3.2 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan fún NBA. Chicago Bulls ti ní ẹ̀tọ́ lórí Gilmore láti ọdún pípẹ́ nínú ìyàn NBA, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun láàárín ara wọn, wọ́n sì mọ̀ pé bí Colonels bá wọlé, Gilmore kò ní í kúrò ní Louisville. Brown wo gbogbo rẹ̀, ó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè tú ká, ó sì mú nínú owó náà ra ìpín nínú Buffalo Braves. Lọ́dún 1978, òun àti ẹni tó ni Boston Celtics fi ẹgbẹ́ ṣe pààrọ̀ fún ara wọn, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì wọlé ìbò gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Kentucky. Gilmore lọ sí Chicago gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú àwọn tó tú ká, Dampier lọ sí San Antonio. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ni Spirits of St. Louis, àwọn Silna, kò gba owó gọbọi lọ́wọ́ kan náà. Owó díẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fún àwọn ní ìdá kan nínú méje owó tẹlifíṣọ̀n tó bá tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin náà, títí láé. Nígbà tí NBA fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn yẹn ní 2014, nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là ló san fún wọn. Gbogbo ìṣirò Brown kò ju ti ọjọ́ náà lọ. Kò sì sí ìgbìmọ̀ ìlú, kò sí yunifásítì, kò sí ìjọba tó jókòó sí tábìlì yẹn láti bi í bóyá Louisville lè gbọ́ bùkátà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dáhùn ìbéèrè náà, àpò tirẹ̀ ló sì fi dáhùn.

Nígbà tí Colonels kúrò nílẹ̀, yunifásítì kún gbogbo àyè tó ṣófo. Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni ọdún iyì Crum, Freedom Hall sì di ilé pupa pátápátá. Àwa Yorùbá rí díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn lọ́nà kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Louisville lu Kentucky ní 1983, wọ́n pàdé Yunifásítì Houston ní Albuquerque ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Ọlájuwọ́n sì dúró sí abẹ́ àwọ̀n: ayò 21, bọ́ọ̀lù 22 tó já gbà, ìgbà mẹ́jọ tó gbá bọ́ọ̀lù dànù lójú ẹni tó ń jù ú. Houston borí pẹ̀lú 94 sí 81.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Houston Rockets, níbi tí Ọlájuwọ́n yìí kan náà ti gba ife NBA ní 1994 àti 1995, wà lára àwọn tí Louisville ń lé nígbà tí ìlú náà tún jí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, àwọn ará Houston fi ìbò kọ̀ láti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún ẹgbẹ́ náà, àwọn kan ní Louisville sì na ọwọ́ sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Houston tún dìbò, wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ parí. Ní 2001 ó kan Vancouver Grizzlies, tí Michael Heisley, ẹni tó ni wọ́n, fẹ́ kó kúrò ní Kánádà. Ilé iṣẹ́ tó ni KFC, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Louisville, ṣe tán láti náwó kí orúkọ rẹ̀ lè wà lára gbọ̀ngàn tí wọ́n bá kọ́. Ní oṣù kẹta, Heisley mú Memphis. Ní oṣù kan náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, Yunifásítì Louisville gba Rick Pitino, ẹni tó ti bá Yunifásítì Kentucky gba ife ní 1996, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Boston Celtics. Inú ìlú náà dùn sí èyí ju bí ó ṣe bàjẹ́ sí ìyẹn lọ; èyí nìkan tó láti sọ ohun púpọ̀. Ní 2002, Charlotte Hornets wò yí ká, Louisville wà nínú ìwé wọn, New Orleans ni wọ́n lọ.

Kí ló fà á tí Memphis fi rí i gbà? Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà: ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn àdúgbò rẹ̀ kò ju ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.3 sí 1.4 lọ. Memphis náà ní yunifásítì tí ìlú fẹ́ràn bí ojú, tó wà láàárín ìlú gan-an. Yorùbá máa ń wí pé àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, àwọn tó tako NBA ní Louisville sì ń sọ ohun tó jọ ọ́. Ní Memphis, àgbò méjèèjì ń mu ún láti 2004, nínú FedExForum, tí owó ìlú kọ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé Grizzlies ni wọ́n fún ní àkóso ilé náà. Ayálégbé ni yunifásítì jẹ́ níbẹ̀. Ní Louisville, ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ọ̀rẹyìn ni wọ́n fi dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn KFC Yum! Center sí etí odò Ohio. Mílíọ̀nù 238 dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìjókòó inú rẹ̀ sì lé ní 22,000, èyí tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ NBA lọ. Ẹni tó bá wo ilé náà yóò rò pé NBA ni wọ́n kọ́ ọ dè. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Louisville ni olórí ayálégbé níbẹ̀, ìwé àdéhùn sì fún un ní àṣẹ àkọ́yàn lórí ọjọ́ tí eré rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ayálégbé ni lórí ìwé, onílé ni nínú ìṣe. Owó orí tí wọ́n gbójú lé láti agbègbè yí gbọ̀ngàn náà ká, kí wọ́n lè fi san gbèsè ìkọ́lé, kò wọlé tó bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tó di 2017, ìjọba ìpínlẹ̀, ìlú àti yunifásítì ní láti tún ètò gbèsè náà ṣe, yunifásítì sì gbà láti máa san iye tó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní í fi ọjọ́ rẹ̀ tọrẹ.

Ìṣirò kan wà tí kò le. Ẹgbẹ́ NBA máa ń gba àlejò nílé nígbà 41 láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, kí a má tíì ka ìdíje àṣekágbá. Ẹgbẹ́ yunifásítì kì í ju bíi 18 lọ. Bí ènìyàn 17,000 bá wá lóru kọ̀ọ̀kan, tíkẹ́ẹ̀tì tó tó 697,000 ni ẹgbẹ́ NBA gbọ́dọ̀ tà ní ìlú tí kò pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀, lórí bíi 360,000 tí yunifásítì ń tà bí ilé rẹ̀ bá kún fún 20,000. Yóò ṣòro, kì í sì í ṣe nítorí àìsí ìfẹ́. Ìgbà òtútù ni kò ní oru tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó lè ra yàrá olówó nínú gbọ̀ngàn náà kò sì pọ̀: Humana, Brown-Forman tó ń ṣe ọtí, Yum tó ni KFC fúnra rẹ̀, àti ìwọ̀nba mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni yunifásítì ti ń bá ná an láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibi tí àríyànjiyàn náà ti dùn jù sí mi ni Indiana, aládùúgbò Kentucky níhà kejì odò. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yunifásítì níbẹ̀. Síbẹ̀ Pacers wà láàyè. Lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó kú: ní oṣù keje ọdún 1977, ọdún kan lẹ́yìn tó wọ NBA, owó tán pátá, wọ́n sì lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láti bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà, pé bí kò bá tó 8,000, ẹgbẹ́ yóò kó lọ. Àwọn ènìyàn rà á kọjá iye náà. Ohun tí mo rí ni pé Yunifásítì Indiana wà ní Bloomington, Purdue wà ní West Lafayette. Butler tó wà ní Indianapolis kò tóbi tó láti gba ìlú náà. Ìlú tó gba ẹgbẹ́ olówó ṣófo lálẹ́ ìgbà òtútù. Ẹ wo North Carolina bákan náà: Duke, North Carolina àti North Carolina State kó ara wọn jọ sí agbègbè kan tó jìn sí Charlotte, nígbà tí Hornets sì bẹ̀rẹ̀ ní Charlotte ní 1988, gbọ̀ngàn tí ìjókòó inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ń kún lóru dé oru, fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ṣíwájú gbogbo NBA ní iye èrò ìwòran. Agbègbè yunifásítì ni, ó sì gbọ́ bùkátà, kí aáwọ̀ láàárín olówó ẹgbẹ́ àti ìlú tó lé wọn lọ.

Nítorí náà, bí a bá ń béèrè nípa agbègbè, ó lè ṣeé ṣe. Bí a bá ń béèrè nípa ìlú tí yunifásítì ńlá wà nínú rẹ̀, tó sì ń darí gbọ̀ngàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le gan-an. Louisville ti 1975 ní Freedom Hall tó jẹ́ ti ìjọba, tí ẹgbẹ́ méjì ń lò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ni í; Louisville ti 2010 ní ilé tó dára jù ú lọ fíìfíì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ní olúwa rẹ̀. Bí Brown bá ti wọlé ní Hyannis, Colonels ni ìbá jẹ́ àgbà nínú ilé, yunifásítì ìbá sì máa bá wọn ṣètò ọjọ́.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, èrò ìwòran pupa náà ti fi hàn pé àwọn kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún títí ayé. Ní sáà 2022 sí 2023, Louisville borí nínú eré mẹ́rin péré, ó pàdánù 28, àwọn ìjókòó sì ṣófo nínú gbọ̀ngàn ńlá náà lọ́nà tí kò wọ́pọ̀ rí. Ní ọdún 2018 ni Dan Issel fúnra rẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá NBA fún ìlú náà. Ṣùgbọ́n owó ti yàtọ̀. Owó tẹlifíṣọ̀n tuntun ti NBA jẹ́ bílíọ̀nù 76 dọ́là fún ọdún mọ́kànlá, èyí tó mú kí tíkẹ́ẹ̀tì má fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ti ìgbà Pacers, tó sì mú kí owó tí ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ san kó tó wọ NBA ga kọjá ohun tí olówó Louisville kan lè dá gbé. Celtics, ẹgbẹ́ tí Brown gbà fi ṣe pààrọ̀ ní 1978, di títà ní bílíọ̀nù 6.1 dọ́là ní 2025. Seattle àti Las Vegas ló sì wà níwájú nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tuntun.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, Yum kéde pé olú ilé iṣẹ́ KFC ti Amẹ́ríkà yóò kúrò ní Louisville lọ sí Plano, ní Texas. Orúkọ náà ṣì wà lára gbọ̀ngàn tó wà létí odò. Nínú ilé náà, bí ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan bá ń bọ̀, ọjọ́ eré yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sórí kàlẹ́ńdà kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni mìíràn lóhùn.